Ọwọ́ Tó Di Okùn Mú

Ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ẹnu mi ò sì ní kúrò níbẹ̀. Díákónì ní kò bójú mu kí wọ́n fi ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́gbin fa àgbélébùú Olúwa lọ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi, wẹ́dà tó jó irin àgbélébùú náà fúnra rẹ̀, bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Bí wọ́n bá ní kí ọkùnrin yẹn bọ́ awọ ara rẹ̀, á ní ẹ ṣé.

Òun àti káfíńtà kan ló di okùn mú nílẹ̀. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n. Nísàlẹ̀ àgbélébùú gan-an, láàárín àwọn páìpù tí wọ́n tò fún àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń de páìpù kan kó le. Iṣẹ́ ló gbé òun náà débẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n sin bàbá wọn tó fi pààrọ̀ àgádágodo ṣọ́ọ̀bù tí bàbá fi sílẹ̀, tó da irinṣẹ́ àbúrò rẹ̀ síta. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé lọ́nà, á máa wo òdìkejì bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù.

Àgbélébùú ti gòkè dáadáa nígbà tí igi tó gbé kẹ̀kẹ́ tí okùn gbà kọjá yẹ̀ lókè. Okùn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ́wọ́ wọn. Káfíńtà fi tiẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ mi há o!" Ẹ̀gbọ́n ló pariwo.

Ọkọ mi wé okùn mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ó fi gbogbo ara rọ̀ sẹ́yìn. Mo rí ẹ̀jẹ̀ lára okùn. Mo kígbe, "Bàbá àwọn ọmọ mi, jù ú sílẹ̀!" Mo mọ ẹni tó wà nísàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì tún kígbe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò jù ú sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yọ tán ló tó tú ọwọ́, àgbélébùú já lulẹ̀, irin apá rẹ̀ kan sì wọ́.

Nílé ìwòsàn, dókítà ní bí oògùn akunnilára bá dá lára ọkọ mi tí àwọn ìka bá mira, ká dúpẹ́. Bí wọn ò bá mira, kó má ro iṣẹ́ irin mọ́. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ojú mi ò kúrò lára báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ọmọ mi ń jẹun lára ọwọ́ yẹn. Ọdọọdún ni mò ń kọrin àgbélébùú, tí mò ń pàtẹ́wọ́, tí mo bá délé, màá jẹun yó. Mi ò rò ó rí pé ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi náà ní ẹni tirẹ̀ nílé. Ṣé ìyá rẹ̀ ò kígbe pé kó sọ̀ kalẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n tiro wọlé, fìlà rẹ̀ ti rún lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kí mi.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ó bi àbúrò rẹ̀. "Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ ò ráyè bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n."

Inú bí mi, mo dìde, mo kọjú sí ọkọ mi. "Ọkọ ni mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mi ò tọrọ olùgbàlà. Olùgbàlà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. "Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Sọ ohun tí o fẹ́ kí n ṣe."

"Imú ń yún mi látàárọ̀," ọkọ mi ní. "Ìyàwó mi ń bínú, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ bá mi họ ọ́."

Mo rò pé á yarí. Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan họ imú àbúrò rẹ̀ jẹ́jẹ́, omijé ń bọ́ sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ sún un sápá ọ̀tún," ọkọ mi wí.

Ó sún un. Èmi ò tíì dárí jì í, mi ò ní purọ́. Mo padà jókòó, mo ń wo àwọn ìka inú báńdéèjì. Wọn ò tíì mira.