Ìyá Tó Bọ́ Bàtà Sílẹ̀ ní Yokohama

Ó ń bọ̀. Ìyá mi ni. Ìyá mi ló ń bọ̀ lórí pèpéle ibùdókọ̀ yẹn, ó ń sáré kéékèèké bí obìnrin tí aṣọ fún lẹ́sẹ̀, ó di ẹrù aláró mọ́ àyà. Mo ní kó má wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, mo ní, "Ìyá, ọ̀nà jìn, òtútù ń mú, ẹ jókòó sílé." Kò bá mi jiyàn. Kì í bá èèyàn jiyàn. Ó kàn mi orí... ó sì wá.

Kó má wọ ibí. Ọkọ̀ ojú irin yìí gùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ pọ̀, kó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn mìíràn. Kí agogo lù. Kí ọkọ̀ gbéra.

Ọ̀gá Horie, tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́, jókòó tì mí, èjìká rẹ̀ kan tèmi. Ọ̀rá màlúù tó fi pa irun ti ń wọ̀ mí nímú láti ìgbà tí a ti jókòó, ó ń ta sánsán, ó tún ń rà, bí eku tó kú sábẹ́ òdòdó. Bí gbogbo ọkùnrin Yokohama ṣe ń rùn nìyí báyìí. Wọ́n gé òṣùṣù irun àtàrí wọn, wọ́n wá fi ọ̀rá ẹran pa èyí tó kù, wọ́n ní ọ̀làjú dé. Èmi náà pa á. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ òórùn tèmi mọ́ nínú rẹ̀.

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn wa. Mo ń wò ó lójú fèrèsé. Ó dúró. Ó wo ilẹ̀ pákó inú ọkọ̀, ó rí i pé wọ́n gbá a, ó mọ́... Rárá. Rárá, Ìyá, ẹ má ṣe é — ó ń bọ́ bàtà. Ó ń bọ́ bàtà onígi rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá àlejò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí wọn padà, ó kọjú wọn síta, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹsẹ̀ lè bá wọn nílẹ̀ nígbà tó bá ń jáde. Orí pèpéle ló tò wọ́n sí. Ó wá fi ìbọ̀sẹ̀ funfun nìkan gun ọkọ̀.

Agogo lù. Ilẹ̀ mì lábẹ́ wa. Bàtà ìyá mi ń lọ sẹ́yìn... àwa la ń lọ, bàtà dúró.

Ó ń wo inú ọkọ̀ yíká, ó ń wá àyè. Ojú rẹ̀ dé orí baba kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ lẹ́sẹ̀. Ó dé orí Ọ̀gá Horie. Ó dé orí mi — ó kọjá. Ó kọjá! Kò dá mi mọ̀. Báwo ni yóò ṣe dá mi mọ̀? Aṣọ tí mo wọ̀ jáde nílé kọ́ nìyí. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni mo ti wọ kóòtù dúdú yìí, ọrùn rẹ̀ le bí igi, ó ń rẹ́ mi lábẹ́ àgbọ̀n. Mo fa àkẹtẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó jókòó ní òdìkejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba ẹlẹ́ja, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara rẹ̀ lórí ìjókòó bí ẹni pé orí ẹní ló wà.

Ara tù mí. Ọmọ wo ni ara ń tù nítorí pé ìyá rẹ̀ ò dá a mọ̀? Mo nu ojú. Èéfín èédú ni. Èéfín èédú nìkan ni.

Títí a ó fi dé Tokyo ni. Kí ó ṣáà máa wo ibòmíràn títí a ó fi dé Tokyo. Lọ́sàn-án yìí Ọ̀gá Horie á mú mi lọ síwájú olórí ilé-iṣẹ́, á ní, "Numata Yasujirō nìyí, ó gbọ́ èdè àwọn àjèjì, ilé ọ̀làjú ló ti wá." Ilé ọ̀làjú. Wọn kì í gba ọmọ ilé mìíràn. Ọjọ́ tí Ọ̀gá Horie ń dán mi wò, ó kọ́kọ́ bi mí ní èdè náà, mo dáhùn. Ó bi mí nípa ìṣirò, mo dáhùn. Ó wá fi ìka tẹ irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń kun eyín dúdú bí àwọn aya àtijọ́?" Mo ní, "Rárá, ọ̀gá. Ó ti fi sílẹ̀ ó tó ọdún kan." Mi ò tilẹ̀ ronú. Ó yọ́ jáde lẹ́nu mi, ó ń dán bí ẹja.

Àwọn èèyàn ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn ò ní ṣàì rí i.

"Ìyá, bàtà yín dà?" Baba ẹlẹ́ja ló bi í.

"Mo bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹnu ọ̀nà wo? Ẹnu ọ̀nà yín ti wà ní Yokohama o! Bàtà yín á máa retí yín títí ilẹ̀ á fi ṣú!"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan ní ìkángun rẹ́rìn-ín títí ó fi ń hú ikọ́, ikọ́ tútù, kò bo ẹnu. Baba náà ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, àbúrò mi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àní òun tún kí ilẹ̀kùn kó tó wọlé!" Ìyá mi ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ń rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, eyín rẹ̀ hàn, dúdú, ó ń dán.

Ọ̀gá Horie fẹnu kàn mí létí. Èémí rẹ̀ gbóná. "Wo ẹnu yẹn bí inú ààrò. Wò ó dáadáa, Yasujirō. Ohun tí à ń pa rẹ́ nìyẹn. Ìyá tìẹ ti jáwọ́ níbẹ̀, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ níṣojú ìyá mi. Kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ ń pariwo, kò lè gbọ́... kò gbọ́.

Eyín yẹn. Nígbà tí mo kéré, mo máa ń jókòó tì í tó bá ń kùn ún, omi irin kíkan tó gbóná nínú ìkòkò kékeré, òórùn rẹ̀ burú, èmi ò sì lọ. Ó máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Mo rò ó nígbà náà pé àwọn obìnrin eléyín funfun dà bí ajá. Ọdún mẹ́rin péré ni mo lò nílé ẹ̀kọ́ àwọn àjèjì. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa, àjèjì onírùngbọ̀n pupa, ṣe ẹnu bí aya ilẹ̀ wa níwájú pátákó, ó fi èédú kun eyín tirẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín? Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, èmi tí ojú máa ń tì láti béèrè omi. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kì í sì í ṣe pé ayé àtijọ́ dára. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Idà méjì àwọn jagunjagun wà ní ìbàdí bàbá mi, síbẹ̀ mo rí i tó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nígbà tí olúwa ilẹ̀ wa ń kọjá, ó ń jáde lọ wòran òdòdó. Nígbà tí ó dìde, ẹrẹ̀ wà nínú ìpéǹpéjú rẹ̀, kò nù ún títí a fi délé. Mo búra pé èmi ò ní... Wò mí. Mo jókòó gbọnin, ọrùn kóòtù le, ojú mi sì wà nínú ẹrẹ̀.

A ti kọjá afárá onígi Kawasaki. Ọ̀gá Horie fẹ́ fi ìyá mi ṣeré. Mo mọ ohùn yẹn, ohùn tó fi ń bá àwọn ìránṣẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ta lẹ ń lọ kí ní Tokyo?"

Ó ti parí. Á sọ ọ́, á ní ọmọ òun, á dárúkọ mi...

"Kò sí o, ọ̀gá. Mo ní kí n gun ọkọ̀ iná yìí kí n tó kú ni."

"Ẹ ò bímọ?"

"Mo bí ọ̀kan. Ó ti dàgbà." Ó fi apá aṣọ bo ẹnu.

Ó ti dàgbà. Kí ló dé tí kò sọ... Bóyá ojú ń tì í láàárín àlejò. Bóyá ó rò pé inú ọkọ̀ mìíràn ni mo wà, pé a óò pàdé níbi tí a ó ti sọ̀ kalẹ̀. Kí n ti sá wọ inú èrò kó tó rí mi. Bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn. Mo ń ṣètò bí mo ṣe máa sá fún ìyá mi, mo sì ń ṣe é fínnífínní bí ìṣirò.

Ó ń tú ẹrù rẹ̀. Ìṣù ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀, ó tó mẹ́jọ, ó fi ọwọ́ ṣù wọ́n róbótó. Ó ń pín in. Ó fún baba ẹlẹ́ja. Ó fún obìnrin oníkọ́. Ó nàgà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan síwájú Ọ̀gá Horie. Kò ní gbà á. Ó ti ń sọ láti àárọ̀ pé ẹran màlúù la máa jẹ ní Tokyo, pé ìrẹsì ló sọ wá di kúkúrú... Ó gbà á. Ó dijú. Ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ebi pa, ìrẹsì ń lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n ọlọ́ràá yẹn. Èso pupa kíkan oníyọ̀ wà ní àárín ìrẹsì náà, bí gbogbo ìyá ṣe ń fi í sí i; ó ń fà á mu, ó ń dún ṣùù, ó tu hóró rẹ̀ sátẹ́lẹwọ́, ó jù ú síta lójú fèrèsé. Baba ẹlẹ́ja tu tirẹ̀. Obìnrin oníkọ́ tu tirẹ̀ sáàárín ìka. Itọ́ pupa. Mo yíjú kúrò, ó kó mi nírìíra.

"Ẹ̀yin náà, ọ̀gá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ."

Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò mú èyí tó wà lókè. Ó fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀, ó yí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú ọ̀kan jáde. Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọn á máa wò mí. Mo gbà á. Ìka rẹ̀ ò kan tèmi.

Mo gé e jẹ. Mo ti ń fún ojú pọ̀ de kíkan rẹ̀. Ìrẹsì. Iyọ̀. Mo tún gé e, ó ti dé àárín. Yànmọ̀tí díẹ̀... ìrẹsì. Mo ń fi ahọ́n wá hóró. Kò sí.

Kò sí.

Mi ò lè jẹ èso yẹn. Láti ọmọ ọdún mẹ́rin, tó há mi lọ́fun, ni mi ò ti lè jẹ ẹ́. Ojú sì máa ń tì mí láti sọ ọ́, nítorí kò sí ọmọ jagunjagun tó ń bẹ̀rù èso. Ọ̀rẹ́ mi ò mọ̀. Olùkọ́ ò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí. Bó bá ṣù ìrẹsì fún ogún èèyàn, ó máa ń ṣù tèmi lọ́tọ̀.

Láti ẹnu ilẹ̀kùn ló ti dá mi mọ̀. Ojú rẹ̀ ò kọjá lórí mi, ó gbé e kúrò ni. Ó ti rí kóòtù. Ó ti rí bí mo ṣe fa àkẹtẹ̀ wálẹ̀. Ó gbọ́ "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Ó gbọ́ ọ, ó sì bo ẹnu rẹ̀, ó ní kò sí ẹni tí òun ń lọ kí. Gbogbo ìríra tí mo ti ń pín kiri láàárín àwọn èèyàn yìí láti Yokohama... èmi ni mo kó ara mi nírìíra. Èmi nìkan ló tọ́ sí.

Òkun wà lójú fèrèsé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. A ti kọjá ibùdókọ̀ Shinagawa. Ọkọ̀ ń falẹ̀ wọ Tokyo. Ọ̀gá Horie ń nu ìka rẹ̀ sí kóòtù. "Dìde, Yasujirō, wọ́n ń retí wa." Ó pe orúkọ mi, ó pè é sókè, ìyá mi ò sì gbé orí sókè.

Ó ń di aṣọ aláró rẹ̀. Ó tẹrí ba fún baba ẹlẹ́ja. Ó tẹrí ba fún Ọ̀gá Horie. Ó tẹrí ba fún mi, bákan náà ló ṣe jìn tó, bí a ṣe ń kí ẹni tí a bá pàdé lọ́nà. Ìrẹsì kún ẹnu mi. Kò lọ. Ìyá — mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú dànù.

Ó fi ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí òkúta. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé láàárín èrò, ó yà fún ọkùnrin kan tó ru àpótí, ó ń lọ.