Hàntú Ádámù

Ọdún kejì òmìnira ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun wọ Ìlógbò, kò sì bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú Tinúọlá, àkọ́bí Mùjídátù, lọ. Ádámù nìkan ló kù, ìyá rẹ̀ sì búra pé ikú kò ní rí èyí gbà lọ́wọ́ òun.

Wolé-wolé ti kéde pé inú odò ni àrùn ọ̀hún ń gbé, kí oníkálukú máa se omi títí yóò fi hó. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ṣé iṣu ni omi tí yóò fi máa jinná ni? Mùjídátù kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Omi mímu, ó sè é. Omi tí ọmọ fi ń bọ́jú pàápàá, ó sè é. Nígbà tí igi tán, ó la àpótí ìjókòó rẹ̀, ó fi dáná.

Síbẹ̀, ara Ádámù gbóná. Inú rẹ̀ wú, ó ń ṣe ìrànrán. Ẹ̀rù ba Mùjídátù.

Bí wolé-wolé ti yà sílé rẹ̀ ló figbe bọnu.

"Ọ̀gá, mo sè é! Kò sí omi kan nínú ulé yìí tí kò rí uná!"

Ọkùnrin náà yẹ ìkòkò wò. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ìgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ, omi inú rẹ̀ dúdú bí àgbo.

"Èyí ńkọ́?"

"Hàntú ni. Láti ìgbà tí Tinúọlá ti lọ ni Àáfà Tìjání ti ń kọ àdúrà sára pátákó wàláà, tí wọ́n ń fomi fọ̀ ọ́ fún Ádámù. Mo máa ń fi oyin sí i. Àràárọ̀ ló ń mu ún."

"Omi wo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?"

"Èyí tí mo bá pọn lódò lọ fún wọn."

"Ẹ ò sè é?"

"Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run? Ta ni yóò gbé e ka uná?"

Wolé-wolé wolẹ̀. "Kó tó kan wàláà ni à bá ti sè é, ìyá Ádámù."

Gbogbo ọgbọ́n ni Mùjídátù ti dá, èyí tó rọrùn jù ló fò ó. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó dorí kọ ọ̀nà ọsibítù Ìdó, ó ń sunkún, ó ń bẹ Ọlọ́run. Wọn kò tíì jáde nílùú tí Ádámù fi gbórí sókè lẹ́yìn rẹ̀.

"Yèyé, omi àdúrà mi dà? Mi ò tíì mu tòní."