Bọ́kẹ́ẹ̀tì Gàrí Morádéyọ̀

Kóńgò méjì gàrí ló kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí Morádéyọ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú, Adégbóyè ọkọ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Orí tábìlì ní ìyẹ̀wù ni bọ́kẹ́ẹ̀tì náà wà, ìdérí rẹ̀ dé pinpin. Láràárọ̀, bí bàbá náà bá ti bọ́jú tán, á fi àkísà gbígbẹ nu ìdérí náà, á sì jáde lọ ra ẹ̀kọ. Bí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ gàrí, ti ẹlòmíràn ni yóò rà. Láti oṣù kẹfà tí wọ́n ti sin ìyàwó rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí omi lójú rẹ̀. Ìdérí ló ń nù.

Abúlé Ọdẹkúnlé ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn Jóga-Orílẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí kò bá gbin ẹ̀gẹ́ á yan gàrí, ẹni tí kò bá yan gàrí á rù ú lọ sọ́jà. Láti ìgbà ìwásẹ̀ ni wọ́n ti ní òfin kan: bí obìnrin bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, tó rọ ọ́ sínú àpò, tó gbé òkúta lé e, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni àpò náà yóò lò lábẹ́ òkúta, kí omi rẹ̀ ro dànù, kó sì kan dáadáa. Obìnrin tó bá gbé àpò kúrò kó tó di ọjọ́ kẹrin, orin ni wọ́n fi ń bú u láti ibi ìyangàrí títí dé ẹnu ọ̀nà ọkọ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti bodè pa. Ìrẹsì tó ń gba ọ̀nà Ìdìrókò àti ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé dáwọ́ dúró, ni gbogbo ayé bá ń wá gàrí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́ta, mẹ́ta di méjì. Nígbà tó yá, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n hú lónìí ti di gàrí lọ́la. Kò sì sẹ́ni tó kọ orin, nítorí kò sí ẹni tí orin náà kò ní í kàn.

Àsìkò yìí ni Dókítà Ìdùnnúolúwa dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ó ní àwọn kan ní abúlé bíi mélòó kan ń sọ pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, pé ẹsẹ̀ ń kú tìpì, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá gàrí tí kò lo ọjọ́ pé ló fà á tàbí òun kọ́. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ń bára wọn jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mẹrin lójú ọ̀nà Ayétòrò, wọ́n ń yẹ àwọn ìgò rẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ wò, bóyá ìrẹsì ló wà nínú wọn.

Kò sẹ́ni tó fún un ní yàrá. Adégbóyè ló gbà á sílé. Wolé-wolé ni òun náà fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì mọ bó ṣe ń rí bí èèyàn bá ń béèrè ohun tí ará ìlú kò fẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Àṣíáwù, olórí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí, yọ sí i lójú agbo ilé.

"Bàbá Wolé-wolé, ẹ káàárọ̀ o. Mo gbọ́ pé ẹ gbàlejò."

"Mo gbàlejò."

"Ṣé ẹ mọ ẹni tó rán an? Àwọn onírẹsì Kútọnu ni! Wọ́n ní kó wá ba gàrí lórúkọ jẹ́, kí ìjọba lè ṣí bodè fún wọn."

"Ìyá Àṣíáwù, ọmọ yìí ò gbọ́ Faransé rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí ò gbọ́ ni wọ́n ń rán."

Kí oòrùn tó mú, orin ti jáde. Àwọn obìnrin ń yan gàrí, wọ́n ń kọ ọ́:

*Dókítà onígò,*
*Gàrí wa ò ṣàìsàn,*
*Kí lo fẹ́ wò sàn?*

Ẹnìkan yọ afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn da omi ẹ̀gẹ́ lé bàtà rẹ̀ lórí, ó ní òun kò rí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Dókítà padà délé, ó jókòó sórí àpótí, ó ń fọ bàtà.

"Ó ń rùn," ló wí.

"Ó máa rùn fún ọjọ́ mẹ́ta," ni Adégbóyè dáhùn. "Ní Ìhunbọ̀, obìnrin kan gbé odidi ìkòkò omi dà lé mi lórí. Mo ní kó da omi ìkòkò náà nù torí tanwíji. Ó ní òun ti dà á nù."

Dókítà wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ràn bàbá, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti di ògiri mú. Ó yà á lẹ́nu. Kò rántí ọjọ́ tí òun ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Bàálẹ̀ Mákindé pe ìpàdé. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n lé àlejò bí ajá, òun kò sì fẹ́ kí àlejò máa kó ìdààmú bá ìlú. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan mú ife gàrí kan wá. Bí Dókítà bá rí ohun tí ojú gbogbo wọn lè rí kó tó di ọjọ́ ọjà, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá rí i, kó palẹ̀ ìgò rẹ̀ mọ́.

Obìnrin méjìlá mú gàrí wá. Dókítà bu díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò méjìlá, ó ta omi sí i, ó fi bébà pélébé kan tó ní àwọ̀ ìyeyè há ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan, ó sì dé e. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gẹ́ ní oró kan nínú láti oko wá, pé omi tó ń ro lábẹ́ òkúta ló ń kó o lọ. Bí oró bá kù, bébà yóò pọ́n bí ilẹ̀ pupa Jóga kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí kò bá kù, yóò wà bó ṣe wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo abúlé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàálẹ̀. Bébà méjèèjìlá ti pọ́n. Dókítà ń wò wọ́n, inú rẹ̀ kò dùn.

"Wọ́n jọra jù," ló wí wẹ́rẹ́.

Adégbóyè súnmọ́ ibẹ̀. Ó bu gàrí láti inú ife kìíní, ó bù láti inú ìkẹta, ó bù láti inú ìkesàn-án. Ó tẹ́ wọn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ọwọ́ méjìlá kì í yan gàrí kó rí báyìí," ló wí. "Gàrí ẹnìkan ṣoṣo nìyí. Ta ló ni ín?"

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Toheebat wolẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú. Ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má dárúkọ tèmi. Ti Ìyá Àṣíáwù ló funfun jù, ni mo bá lọ ra ife kan níbẹ̀."

"Ìwọ náà?" ni èkejì rẹ̀ kígbe.

"Áà, èmi náà!" ni ẹlòmíràn wí.

Ìyá Àṣíáwù dìde, ó fọwọ́ borí. "Yéè! Mo ní ọjà mi mà ń tà! Mo ń bi ara mi pé kí ni ẹni tí gàrí kún ilé rẹ̀ ń fi gàrí mi ṣe!"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàálẹ̀ gan-an fi abẹ̀bẹ̀ bojú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Àṣíáwù wo ìgò méjìlá tó pọ́n, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ó ní ẹ̀gẹ́ wa lóró, àbí? Ẹ̀gẹ́ tí ìyá wa jẹ, tí ìyá wọn jẹ?"

"Màmá, mi ò tíì mọ̀," ni Dókítà dáhùn. "Ó lè jẹ́ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí àpò lò. Bí mo bá rí gàrí oko yìí kan náà tí wọ́n yan kí bodè tó tì, màá lè fi wọ́n wéra."

Wọ́n wo ara wọn. Gàrí tí wọ́n yan kí bodè tó tì? Akẹ́rù ti gbá gbogbo rẹ̀ lọ.

"Kò sí," ni Bàálẹ̀ wí. "Ọ̀la sì ni ọjọ́ ọjà. Ọmọ mi, máa palẹ̀ mọ́."

Adégbóyè dìde, ó lọ sílé. Ó dúró níwájú tábìlì. Ó mú àkísà, ó nu ìdérí bó ṣe máa ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ó ti nù ún láàárọ̀. Ife kan péré ló yẹ kó bù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ dá nìkan wà nígbà tí òórùn rẹ̀ bá jáde. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà rù.

Nígbà tí wọ́n rí àgbàlagbà tó ru bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀ bọ̀, wọ́n yà lọ́nà fún un. Ó sọ̀ ọ́ sílẹ̀ níwájú Dókítà.

"Oṣù karùn-ún ló yan án. Ó ku kóńgò méjì. Bu èyí tó bá tó ọ."

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?"

"Bù ú."

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Òórùn kíkan jáde, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Agolo mílíìkì tí Morádéyọ̀ fi ń wọn gàrí ṣì wà lórí gàrí náà, ó tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adégbóyè gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

"Morádéyọ̀ rèé," ni Ìyá Àṣíáwù wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ wọ abúlé náà. "Ẹ wò ó. Kò gbé àpò kúrò lọ́jọ́ kẹta rí, bí ebi tilẹ̀ ń pa á."

Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ akẹ́rù dé, awakọ̀ ń tẹ fèrè. "Ẹ̀yin ìyá, gàrí dà?"

"Fara balẹ̀!" ni wọ́n dá a lóhùn. "À ń wo ìgò!"

Dókítà gbé ìgò gàrí Morádéyọ̀ sókè. Bébà inú rẹ̀ kò yí padà rárá. Ariwo ta. Obìnrin méjì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ni Dókítà bá nawọ́.

"Ẹ dákun, ẹ má tíì yọ̀. Gàrí tó ti pẹ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, oró rẹ̀ lè dín fúnra rẹ̀. Mi ò lè fi ìgò kan búra."

Wọ́n dúró. Ìyá Àṣíáwù wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹni tí ì bá parọ́ kí wọ́n lè yìn ín, tí kò pa á!

"Kí lo wá fẹ́?"

"Gàrí tuntun láti oko kan náà, tó lo ọjọ́ mẹ́rin lábẹ́ òkúta."

"Lónìí ni màá hú u. Àmọ́ ìwọ lo máa bó o!"

"Ọjọ́ mẹ́rin kẹ̀?" ni awakọ̀ kígbe. "Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ jókòó. Àpò ò mọ̀ pé o ń kánjú."

Bàálẹ̀ ní kí Dókítà dúró. Ó bó ẹ̀gẹ́, ó fi ọ̀bẹ gé ìka, wọ́n fi ewé dì í fún un. Nígbà tí ọjọ́ kẹta pé, Toheebat na ọwọ́ sí òkúta, orin àtijọ́ sì sọ lẹ́nu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sá, wọ́n ń lé e kiri, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan yíyan, èéfín mú Dókítà sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, gàrí tó yan sì jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tún orin rẹ̀ kọ:

*Dókítà onígò,*
*Iná wa ò mọ̀wé,*
*Rora máa ro ó.*

Ìgò ọjọ́ mẹ́rin wà bí ìyeyè. Èyí tí wọ́n fi gàrí ọjọ́ kan ṣe, tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pọ́n. Kò sí ojú tí kò rí i. Ìyá Àṣíáwù ní láti ọjọ́ náà lọ, akẹ́rù tó bá fẹ́ gàrí Ọdẹkúnlé yóò dúró de òkúta.

"Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ṣì wà," ni Dókítà wí. "Mi ò tíì mọ̀ bóyá òun ló fà á. Ó máa gbà mí lọ́dún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Máa wá a," ni Ìyá Àṣíáwù dáhùn. "Ta ló lé ọ?"

Ẹ̀rín pa wọ́n, ó sì pa òun náà.

Adégbóyè pọn omi tútù, ó ní kí wọ́n mú abọ́ wá. Gàrí Morádéyọ̀ ni wọ́n jọ mu lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀pà, lábẹ́ igi tó wà níwájú ilé rẹ̀. Awakọ̀ pàápàá mu tirẹ̀. Kò ku ẹyọ kan. Bàbá wo ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì náà fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Àṣíáwù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ.

Ọjọ́ karùn-ún ló gbé e padà wá. Ó wúwo.

"Ọjọ́ mẹ́rin pé," ló wí. "Agolo rẹ̀ wà nínú ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adégbóyè bọ́jú tán, ó mú àkísà. Ó tún gbé e kalẹ̀. Ó ṣí ìdérí, ó wọn gàrí sábọ́, ó wọn òmíràn fún Dókítà, ó sì pè é pé kó wá jẹun.