Aago Ẹ̀gbọ́n, Aago Àbúrò

Ẹ̀rọ márùn-ún ló wà lọ́wọ́ Akọ̀wé nílé ìwòsàn aláboyún náà: áńbúláǹsì méjì, ọkọ̀ kan tó ń kó omi, àti jẹnẹrétọ̀ méjì tí bàbá rẹ̀ sọ ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò. Bàbá ló ṣe mẹkáníìkì ibẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí orúnkún tó ní kó lọ jókòó sílé, ní oṣù méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ tó ń lọ, ó gbé ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú lé Akọ̀wé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ́wọ́. Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì wà níbẹ̀, ìgbà tí bírékì tún kàn wà níbẹ̀, títí dórí táyà tó ti ń pá. Gbogbo ilé ìwòsàn ló gbà pé ìwé Bàbá kì í parọ́. Wọ́n lè jiyàn lórí oògùn o, wọn kì í jiyàn lórí ìwé yẹn.

Aago kékeré kan wà lára jẹnẹrétọ̀ tó ń ka wákàtí tó fi ṣiṣẹ́. Bó bá ti pé àádọ́talénígba, wọ́n á pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n á dá aago padà sí òdo. Ti Àbúrò ti kú kí Akọ̀wé tó gbaṣẹ́, ọjọ́ ló fi ń ka tiẹ̀. Ti Ẹ̀gbọ́n ń lọ geere.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, iná ìjọba ti lọ láti ọjọ́ mẹ́rin, Akọ̀wé jókòó ti ìṣirò dísẹ́lì. Kẹ́ẹ̀gì kan ni Ẹ̀gbọ́n ń mu ní wákàtí mẹ́rin. Ó ka gbogbo èyí tí wọ́n ti rọ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn, ó bá ọgọ́rùn-ún. Ó tún un kà, ọgọ́rùn-ún náà ni. Ìyẹn irinwó wákàtí. Aago ara Ẹ̀gbọ́n sì ń wí pé igba ó lé mẹ́wàá péré ni. Àyà rẹ̀ já. Ẹ̀rọ tó bá ń sáré lórí ọ́ìlì tó ti gbó báyẹn lè gan pa nígbàkigbà, Dókítà Àgbà sì máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláboyún kan ní agogo mọ́kànlá.

Ó gba ọ́fíìsì Dókítà lọ tààrà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sún un sí agogo méjì. Kí n pa Ẹ̀gbọ́n, kí n pààrọ̀ ọ́ìlì. Àbúrò ò lágbára tó ti iṣẹ́ abẹ, àmọ́ á gbé yàrá àwọn ìkókó títí mà á fi ṣe tán."

Dókítà gbójú sókè. "Ìwé bàbá ẹ ní ó ku ogójì wákàtí. Ṣé ẹnì kan ò máa jí dísẹ́lì gbé báyìí?"

"Kọ́kọ́rọ́ ibi tí dísẹ́lì wà ò kúrò lọ́rùn mi, mà. Mo fi ń sùn ni."

"Akọ̀wé, bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aláìsàn yẹn lè dúró di méjì, ṣùgbọ́n mi ò ní torí kẹ́ẹ̀gì lásán dá iṣẹ́ dúró. Mú ẹ̀rí wá kó tó di mẹ́wàá."

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni Bàbá ń gbé. Bí Akọ̀wé ṣe ń lọ, ó ń gbàdúrà kó jẹ́ pé òun ni ò mọ ìṣirò. Ó bá Bàbá níbi tó ti ń tú rédíò tí kò bàjẹ́.

"Bàbá, aago ta ló kú? Ti Ẹ̀gbọ́n ni àbí ti Àbúrò?"

"Ti Àbúrò ni. Ṣé o ò rí i lára ẹ̀ ni? Mo..." Ọwọ́ Bàbá dúró lórí rédíò. "Ti Ẹ̀gbọ́n ló kú. Ọ̀sẹ̀ tí mò ń palẹ̀ mọ́ ni. Mo yọ ti Àbúrò fún un, mo gbé òkú aago sára Àbúrò. Mo ní kí àbúrò ta ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́rẹ."

"Mélòó ló wà lórí ẹ̀ nígbà yẹn?"

"Mẹ́wàá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì Àbúrò ni. Ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sí igba wákàtí nígbà yẹn." Ó fọwọ́ bojú. "Mi ò kọ ọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe Akọ̀wé débi pé ó fẹ́ sunkún. "Mà á ní aago ló ṣàṣìṣe. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Gbé ọ̀pá mi wá," ni Bàbá wí.

Agogo mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n wọlé sí Dókítà. Bàbá ò jókòó. "Dókítà, èmi ni mo ṣe é. Ohun tọ́mọ yìí sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí." Dókítà wò ó, ó wo Akọ̀wé, ó fa tẹlifóònù mọ́ra, ó ní kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ di agogo méjì.

Nígbà tí Akọ̀wé tú asẹ́ ọ́ìlì Ẹ̀gbọ́n, èérún irin ń dán nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti ń jẹ ara rẹ̀. Akọ̀wé ò sinmi, kò mu omi, ó fi ọ́ìlì tuntun fọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dà á nù, ó rọ òmíràn sí i. Agogo méjì ku díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n dún, iná yàrá iṣẹ́ abẹ tàn, kò sì ṣẹ́jú títí tí igbe ọmọ tuntun fi jáde.

Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó bá Bàbá níwájú ìwé dúdú.

"Mà á fa ewé yẹn ya, Bàbá. Mà á tún un kọ dáadáa."

"Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Tó o bá wá dí kòtò pa, kí ni wọ́n máa rí kọ́?" Ó na ọwọ́. "Fún mi ní bírò."

Ó kọ ọ́ sábẹ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀ ti oṣù méjì sẹ́yìn: *Aago Àbúrò ni mo gbé sára Ẹ̀gbọ́n. Mo gbàgbé láti kọ ọ́. Ọmọ mi ló rí i.*