Ilé tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Lọ́dún 1989 tí Alájì Sàlàkọ́ dé láti Abidjan, ó pe èmi Mùtàlíbù, bíríkìlà, pé kí n wá parí ilé òun ní Èjìgbò. "Mùtàlíbù, ilé yìí kò gbọdọ̀ jò o."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, páànù rẹ̀ nípọn, òjò Èjìgbò àti ti Masifa lápapọ̀ kò lè rí ibi wọlé. Ó wò mí bí ọmọ ilé-kéwú tí kò mọ álífù.

"Ta ní ń sọ ti òjò? Afẹ́fẹ́ ni mo wí! Ilé tí afẹ́fẹ́ kò lè yọ́ gbà, étáńṣì ni wọ́n ń pè é l'Ábíjàn. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò, iṣẹ́ òfo ni ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣe."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń po sìmẹ́ńtì, n kò gbọ́ ọ rí. Afẹ́fẹ́ a máa wọlé, a máa jáde. Ẹnikẹ́ni kì í gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Mo bi í léèrè ihò atẹ́gùn tí mo dá sókè fèrèsé. Ó ní jíjò náà ni.

"Alájì, èyí tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá kì í ṣe jíjò, ìmí ilé ni. Èyí tó ń yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn ni kí ẹ pè ní jíjò."

Ó ní nínú àwa méjèèjì, ta ló dé Abidjan? Inú bí mi, mo dí gbogbo ihò náà pa, àti etí fèrèsé.

Nítorí ìyá rẹ̀, Ìyá Àbẹ̀bí, ló ṣe ń sáré. Ọdún méjìdínlógún ló lò lọ́hùn-ún, lẹ́tà tó kọ kò pé márùn-ún, ó wá búra pé inú òtútù ni ìyá òun yóò máa gbé. Màmá ò fẹ́ fi ilé alámọ̀ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wá dán an wò. Bó bá tu àwọn lára, àwọn á kó wá.

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Alájì tan ẹ̀rọ amúlétutù, Màmá wọ yàrá. Alájì ti ilẹ̀kùn tó fi rọ́bà yí ká, ó dúró lóde, ó tan igi tùràrí sí etí ilẹ̀kùn náà. Èéfín náà lọ sókè tààrà, kò yà síbì kan.

"Sé bọ́n! Ó ti dára! Kò sí jíjò!"

Àwọn aládùúgbò pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ tí iná fi lọ, ẹ̀rọ dákẹ́. Alájì kò tilẹ̀ dánu dúró. Mo ní ká yọjú sí Màmá. Ó ní òtútù inú yàrá kò ríbi jáde, ó sì ń ṣàlàyé étáńṣì lọ.

Nígbà tó yá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo fa ilẹ̀kùn, rọ́bà ti dì í mú. Mo fi gbogbo agbára fà á kó tó ṣí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni Màmá jókòó sí, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ti wú níbi tí wọ́n ti ń lu ilẹ̀kùn.

Alájì sáré wọlé. "Màmá! Kí ló dé tẹ́ ò pè mí?"

"Mo pè ọ́ títí, Sàlàkọ́. O ò gbọ́. Bí mo ṣe ń pè ọ́ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó o fi wà l'Ábíjàn."

Wọ́n na ọwọ́ sí mi, pé kí n sin àwọn lọ sílé. Èmi ni wọ́n nà án sí, kì í ṣe ọmọ wọn.