Omi Àlejò Fún Òkúta Ìkàrẹ́

Òkúta tí mo gbé wá láti Ìkàrẹ́ jókòó sórí àga ìyá àgbà mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ẹsẹ̀. Pálọ̀ ìyá àgbà ti di gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Àṣàolú, olùkọ́ mi tí wọ́n ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, jókòó ti máṣíìnì, wọ́n ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan.

"Mọ́ṣebọ́látán, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Nígbà tí òkúta yìí wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, báwo ni ooru tí ó mú un ṣe ga tó, báwo sì ni ẹrù tí ó wà lórí rẹ̀ ṣe tó? Ìgbà tí ó le jù lọ ni mò ń bi ọ́, kì í ṣe ìgbà tí ó ń gòkè bọ̀ wálé."

"Bí n kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́, sà?"

Wọ́n fi eyín já òwú. "Wàá padà sí kíláàsì kìíní. Mo ti ń rán apá rẹ̀ lọ́wọ́."

Mo kúnlẹ̀ níwájú òkúta, nítorí pé gbogbo wa la bá a láyé.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni ooru náà?"

Gánẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀, àwọn hóró pupa tí ó máa ń pa irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ mọ́, ń tàn bí ojú ológbò. Ó la ẹnu.

"Ẹgbẹ̀rin dígírì ó lé..."

Ìyá àgbà gbé igbá omi wọlé. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí a sin wọ́n, ṣùgbọ́n àtíkè wọn kò tíì pa rẹ́ lọ́rùn.

"Ṣé bí mo ṣe tọ́ ọ nìyí? Àlejò ti ọ̀nà jíjìn dé, o kò tíì fún un lómi, o ti ń tú u nínú!"

"Màmá, ẹ má fún un lómi o! Ooru ti fa gbogbo omi ara rẹ̀ gbẹ. Bí ó bá mu ún, yóò gbàgbé."

"Ahun! Omi lásánlàsàn!"

Òkúta gba igbá, ó mu. Hóró pupa mẹ́ta di aláwọ̀ ewé.

"Níbo ni a dé?" ó ní. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó móoru díẹ̀."

Mo di igbá náà mú; ó já a gbà, ó tún mu.

"Irinwó. Bí oòrùn oṣù kẹta náà ni."

"Ẹrù orí yín ńkọ́, bàbá?"

"Ẹrù wo? Fìlà ni mo dé."

"Ẹ ò rí i bí ara ṣe tù ú!" ni ìyá àgbà wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dé ibi bọ́tìnnì.

Mo ṣí ikùn òkúta bí ẹni ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì wọlé. Yàrá ibẹ̀ kò ní fèrèsé, omi kò sì débẹ̀ rí. Hóró gánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo jókòó sí àárín, ètè rẹ̀ gbẹ.

"Wọ́n ti fún àwọn ará ìta lómi, àbí?"

"Wọ́n ti fún wọn."

"Mo mọ̀. Ará ìta kì í pa nǹkan mọ́. Gbọ́: ẹgbẹ̀rin dígírì ó lé ogún. Òkè tí mo fi orí rù ga tó ọgbọ̀n kìlómítà. Má sì sọ fún ìyá àgbà rẹ pé òùngbẹ ń gbẹ mí."

Mo sáré jáde, mo ń kà á bí ọmọ tí a rán níṣẹ́, mo sì sọ ọ́ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Máṣíìnì dákẹ́.

"O yege. Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá báírò.

"Ọmọ mi, o kú ìrìn o," ni ìyá àgbà wí. "Inú òkúta kì í ṣe ìtòsí." Wọ́n na igbá sí mi.

Ta ni yóò kọ omi lọ́wọ́ àgbà? Mo kúnlẹ̀, mo mu ún tán. Ó tutù, ó ń rùn bí àmù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n rí báírò lẹ́yìn etí wọn. "Ó yá. Mélòó lo pè é?"

Mo wo òkúta. Òkúta náà wò mí bí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná, sà."

Yunifọ́ọ̀mù náà ṣe rẹ́gí lára mi, àgàgà ní ọrùn. Nínú àpò rẹ̀ ni mo ti bá hóró pupa kan, tí ó ń bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ má ṣe sunkún sí òun lára.