Akika Kí Bàbá Inoussa

Kò sí ohun tí ènìyàn lè máa ṣe ní Houinmè, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, tí kò ní ìkíni tirẹ̀. Ẹ bá onídìrí nídìí irun, ẹ ó ní "Ojú gbooro o." Ẹ bá aláró nídìí ìkòkò, ẹ ó ní "Àrẹ̀dú o." Ọdẹ ń lọ sígbó, "Àrìnpa o." Ẹni tó kàn jókòó síwájú ilé rẹ̀ tí kò ṣe nǹkan kan, òun náà ní tirẹ̀: ẹ kú ìjókòó. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí: ọmọkùnrin kan lóṣòó sábẹ́ ọ̀pẹ lẹ́bàá ọ̀nà Adjarra, kò mú ìbọn, kò mú àdá, kò dẹ pàkúté, ó tẹjú mọ́ ẹyẹ kan tí kò fẹ́ pa. Kí ni kí a kí i?

Ohun tó dààmú gbogbo àdúgbò nìyẹn lọ́dún tí Souaïbou, ọmọ Akambi aránṣọ, wálé fún kọ̀njé, ìsinmi ilé-ìwé, láti Dakar, níbi tí ìjọba Faransé ti ń kọ́ wọn láti di olùkọ́. Kọ̀njé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, oorun àti ijó ni. Ti Souaïbou, igbó ni. Mẹ́tìrì, olùkọ́ òyìnbó kan, ló kó o sí i lórí lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan tí ń kó wọn rin inú pápá kiri láti wo ẹranko, tí kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sọ òkò. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Souaïbou á ki ẹsẹ̀ bọ pàǹtàlọ́ọ̀nù kúkúrú, ó di ọ̀nà Adjarra. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò tó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣófo.

"Kí lo pa?" Nimatou ìyá rẹ̀ á bi í.

"N kò pa nǹkan kan, Ìyá. Mo rí àgbìgbò méjì."

"O rí wọn. Wọ́n wá dà?"

"Wọ́n fò lọ."

Nimatou á wo ìkòkò ọbẹ̀, á wo ọmọ, á mí kanlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Dakar, tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ ẹlòmíràn, ó padà dé tán, àgbìgbò ló ń lọ bẹ̀ wò. Àwọn aládùúgbò sì ti ní tiwọn lẹ́nu. Àwọn kan ní ewé ìdánwò ló ń já. Àwọn kan ní obìnrin ló ní sí Adjarra. Ti obìnrin yìí ló dun Nimatou jù, torí pé obìnrin tí wọ́n fẹ́ fún un ti wà nílẹ̀.

Idayatou ni, ọmọ Bàbá Inoussa olóbì. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti jọ ń kéwú ni Souaïbou ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá gbóhùn rẹ̀ lójú ọ̀nà, á gbàgbé ibi tó ń lọ. Idayatou náà kò sì fi bò pé ti Souaïbou lòun ń ṣe. Àwọn ilé méjèèjì ti gbọ́ ọ: kí kọ̀njé tó parí, wọn á lọ tọrọ ọmọ. Bí ó bá sì parí láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ rẹ̀, ọkùnrin olówó kan ní Sakété, tó ti ní ìyàwó méjì nílé, ti ń rán ènìyàn wá. Ohun tó kù kò ju kí Bàbá Inoussa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá Inoussa yìí, kò le, kò láhun, ìrun márààrún rẹ̀ pé. Ìkíni ni àìsàn tirẹ̀. Òun ló lé ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá fẹ́ Kafayatou, ẹ̀gbọ́n Idayatou, torí pé ọkùnrin náà ní "Ẹ káàárọ̀" nígbà tí oòrùn ti kan àtàrí. Òun fúnra rẹ̀ kì í kí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Á kí ọ, á kí ìyàwó, á kí àlejò, á kí ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, á wá na etí títí wọn á fi dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Bí o bá fo ewúrẹ́, ó ti gbọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Souaïbou ba sí ẹ̀bá àbàtà, nídìí òkìtì èèrà kan tó ti ń ṣọ́ bọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ti rí i pé ẹ̀kánná ẹranko kan ti fa ara òkìtì náà ya. Akika ló ń dúró dè, ẹranko onípẹ́ bí ẹja, tó fi ahọ́n ṣe ṣíbí. Gbogbo ìgbà tó ti ń dúró, àgbẹ̀ kan á kọjá, á ní "Souaïbou, ṣé kò sí o?" Yóò dáhùn, torí pé ọmọ tí a kọ́ nílé ni, gbogbo ohun tó wà nínú igbó á sì sá wọlé.

Lọ́jọ́ yìí, akika jáde. Ó fi ẹsẹ̀ méjì dúró, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, ó ń fi imú wá èèrà. Inú Souaïbou dùn débi pé ó gbàgbé láti mí. Ibi tó ti ń wò ó ni Bàbá Inoussa ti yọ lójú ọ̀nà, tó ń ti oko ọ̀pẹ rẹ̀ bọ̀.

Ọmọdé ló yẹ kó kọ́kọ́ kí àgbà. Bàbá Inoussa dúró dè é. Kò gbọ́ nǹkan. Ó rò pé ojú ń ti ọmọ náà, ó ní kí òun ràn án lọ́wọ́.

"Souaïbou, o kú ìrọ̀lẹ́ o."

Souaïbou rò ó lọ́kàn pé bí òun bá lanu, akika lọ nìyẹn. Bí òun kò bá sì lanu, bóyá bàbá á ṣe bí ẹni tí kò rí òun. Ta ló tún ń rò bẹ́ẹ̀ nípa Bàbá Inoussa?

"O kú ìlóṣòó o," ni Bàbá Inoussa tún wí, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ṣe é ní ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé mọ́sálásí: "O kú ìyà ẹ̀fọn o!"

Akika tẹ orí ba. Ó ki imú bọ ikùn, ó ká gbogbo ara rẹ̀ jọ sílẹ̀, ó di róbótó. Bàbá Inoussa rí i láti orí èjìká Souaïbou. Ó wo ẹranko tó wà nílẹ̀, ó wo ọmọ ènìyàn tó wà ní ìlóṣòó, ó bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ní ti Souaïbou, ẹnu tó mẹ́nu ló mú ọ̀ràn bá a.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Houinmè ti gbọ́. "Ẹranko tí kò kéwú, tí kò mọ ọ̀nà Dakar," ni Bàbá Inoussa ń sọ nídìí obì rẹ̀, "ó gbọ́ ìkíni mi, ó forí balẹ̀. Ọmọ Akambi ń wò mí bí òpó." Nimatou gbọ́ ọ, ó káwọ́ lérí. Ó ní àgbìgbò ti ba ilé òun jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gba ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò yọ. Bouraïma gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀rẹ́ Bàbá Inoussa láti kékeré, bú sẹ́rìn-ín. "Akika kí ọ? Kí ló ní? Ẹ káalẹ́ ni, àbí ẹ kú ọjà?" Gbogbo ọjà bá a rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kéékèèké fi ń pe bàbá olóbì ní Bàbá Akika. Inú bí i, kò sì rí ẹni tí yóò jẹ́rìí fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ yẹn náà ni.

Nítorí náà, nígbà tí Akambi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n gbé obì lọ tọrọ ọmọ, Bàbá Inoussa kò fọwọ́ kan obì. Ó pe Bouraïma kó wá jókòó. Ó kọjú sí Souaïbou tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Akika kí mi, tàbí kò kí mi?"

Souaïbou mọ̀ pé akika kì í kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló ń bà á tó fi ń ká jọ. Mẹ́tìrì ti sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń wo ẹranko kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ohun tó rí. Ṣùgbọ́n Idayatou ń bẹ lẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, Souaïbou ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "bí ẹ ti kí, ó tẹ orí ba. Títí ẹ fi lọ, kò gbé e sókè." Kò sì fi ọ̀rọ̀ kan kún un.

"Ẹ gbọ́!" ni Bàbá Inoussa wí.

"Ọmọ tó ń wá ìyàwó," ni Bouraïma fèsì, "ẹ ní kó sọ pé akika pe ìrun, á sọ ọ́."

Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá Inoussa dìde. Ó ní lọ́la òun àti Souaïbou á jọ lọ síbẹ̀. Bí akika bá tún kí òun, kí Akambi gbé obì padà wá. Bí kò bá kí òun, kí wọ́n máà wulẹ̀ yọjú mọ́, Sakété kò jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì ba sídìí òkìtì.

"Bàbá, ẹ máa dákẹ́ o."

"Dákẹ́ báwo?"

"Pátápátá ni."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti já Bàbá Inoussa lẹ́nu ọmú, kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń làágùn. Ẹyẹ kan bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ mì, ó gbé ọ̀rọ̀ mì. Nígbà tó yá, akika yọ. Ọmọ kan, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ̀ mọ́ ìdí ìrù rẹ̀, tó ń gùn ún kiri. Ìyá ń fọ́ òkìtì, ó ń lá èèrà, ọmọ ń mì sọ́tùn-ún sósì. Ojú Bàbá Inoussa là kedere. Ó gbàgbé ìdí tó fi wá. Ó di apá Souaïbou mú ṣinṣin.

Àfi bí ẹsẹ̀ ti ń dún lójú ọ̀nà. Bouraïma ni, ó wá yọ́ wọn wò. Ó rí ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Inoussa, o kú ìrọ̀lẹ́ o."

Bàbá Inoussa kò mira.

"Inoussa, o kú ìjókòó o."

Souaïbou yíjú wò ó. Bàbá Inoussa ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀, omi sì ti dé ojú rẹ̀.

"Inoussa! Èmi lò ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí?"

Ìyá akika gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn, ó ká bò ó, ó di róbótó. Bouraïma rí i. Ẹnu rẹ̀ là, kò padé. Ó wá ṣán apá, ó sáré gba ọ̀nà Houinmè lọ, ó ń pariwo pé akika forí balẹ̀ fún òun náà, àti pé Inoussa, Inoussa tí gbogbo ayé mọ̀, kò dá òun lóhùn.

Bàbá Inoussa tún wo ìyá akika tó ká bo ọmọ rẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà á," ni Bàbá Inoussa wí jẹ́jẹ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ti ìjọ́sí ńkọ́?"

Souaïbou wo ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí yóò jẹ́ bàbá yìí ní gbèsè èsì, ó sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá Inoussa wò ó títí. "O mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo wọn, o kò sì dójú tì mí," ló wí. "Kí bàbá rẹ gbé obì wá lọ́la. Ẹnu tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, mo lè fún un ní Idayatou."

Inú Souaïbou dùn, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, bàbá fà á sókè kó má baà dún. Wọ́n rọra dìde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti dé ojú ọ̀nà, Bàbá Inoussa kò lè mú un mọ́ra. Ó padà, ó tẹ̀ ba níwájú ẹranko tó ká jọ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó kí i bí a ti ń kí gbogbo ìyá ọmọ ní Àjàṣẹ́:

"Ẹ kú ọwọ́ lómi o."

Ó sì bá tirẹ̀ lọ, kò dúró gbọ́ èsì.